Ọtí, Èébú àti Ọlọ́pàá ní Èbúté: Láti Odò Thames dé Ọ̀sà Àgbádárìgì

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan láti túmọ̀ sí èdè Yorùbá. Ohun tí gbólóhùn náà sọ kò ju pé ọlọ́pàá mú àwọn òṣìṣẹ́ èbúté kan nítorí pé wọ́n mutí yó, wọ́n sì ń "swear" lójú títì. Àwọn kan kọ ọ́ pé wọ́n ń búra. Àwọn mìíràn ní wọ́n ń ṣépè. Àwọn tó kù, àwọn ló sì pọ̀ jù, kọ ọ́ pé wọ́n ń bú èébú. A fún àwọn ìkẹta yìí ní máàkì, a sì fa ìlà pupa sí iṣẹ́ àwọn yòókù. Nígbà náà ni ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá nawọ́ sókè, tó béèrè pé èwo gan-an nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni òfin fi ń mú ènìyàn. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a kò rí èsì gidi fún un lọ́jọ́ náà.

Ète wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti wá èsì sí ìbéèrè ọmọ náà. A ó wo bí òfin àti ọlọ́pàá ṣe gbógun ti ọtí àmupara àti ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ èbúté, lákọ̀ọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù níbi tí òfin náà ti ṣẹ̀ wá, lẹ́yìn náà ní etí omi tiwa, láti Àgbádárìgì gba Ọ̀jọ́ wọ Èkó. Ohun tí a rí kò bá ohun tí a máa ń kà nínú àròkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mu. Nínú àròkọ lórí ewu ọtí mímu, lébírà ni ọ̀mùtí, ọlọ́pàá ni alátùn-únṣe. Ìtàn fi hàn pé ẹni tó ta ọtí fún lébírà, ẹni tó fi ọtí san owó iṣẹ́ fún un, àti ìjọba tó gba owó orí ọtí náà, kì í sí níbẹ̀ nígbà tí a bá ń ka ẹ̀sùn sí i lọ́rùn. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà àti ní Òkòkòmáíkò kò gbọdọ̀ fi ojú fo èyí.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ẹ̀sùn kan

Kí a tó wọ inú ìtàn, ó yẹ kí a ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú èdè wa, ìbúra ni ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi Ọlọ́run tàbí òrìṣà ṣe ẹlẹ́rìí pé òótọ́ ni òun ń sọ. Ẹni tó fi ẹnu kan irin Ògún ní kóòtù ń búra, kò sì sí ẹ̀gàn nínú rẹ̀. Ẹni tó búra èké ló wà nínú ewu. Èpè yàtọ̀ sí èyí. Èpè ni ọ̀rọ̀ tí a fi rán ibi sí ẹlòmíràn, tí a gbà pé ó lè jà. Èébú ní tirẹ̀ kàn ń tàbùkù ènìyàn ni: ó lè kan orí rẹ̀, ìdílé rẹ̀, ìwà rẹ̀ tàbí ẹ̀yà ara rẹ̀. Lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí ni yẹ̀yẹ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ń fi ara wọn ṣe, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè le ju ti èébú lọ, síbẹ̀ tí kò bí ẹnikẹ́ni nínú.

Àwọn bàbá wa kì í fi ìyà kan náà jẹ ẹni tó ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó ṣépè ni a máa ń bẹ̀ pé kó wú èpè náà. Ẹni tó bú àgbà ni a máa ń ní kó dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì. Ẹni tó fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀rín ni a ń bá a rín. Òwe wa tó sọ pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò sọ pé gbogbo ọ̀rọ̀ líle ló ń mú ọ̀ràn wá. Ẹni tó sọ ọ́, ẹni tó sọ ọ́ sí, àti ibi tó ti sọ ọ́ ni a ń wò.

Gẹ̀ẹ́sì kó ìbúra, èpè àti èébú pọ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìdí tí a rí fún èyí ni pé inú Bíbélì ni òfin wọn àtijọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu ti jáde. Ọ̀kan nínú àwọn òfin mẹ́wàá ni pé a kò gbọdọ̀ pe orúkọ Ọlọ́run lásán. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fi orúkọ Ọlọ́run búra nítorí pé ẹrù bọ́ lù ú lẹ́sẹ̀ ti dẹ́ṣẹ̀. Ohun tí òfin ń wá lẹ́nu lébírà ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni ìbúra asán àti èpè, kì í ṣe èébú tí ó bú ẹnìkejì rẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn ọmọ tí wọ́n kọ "búra", tí a fa ìlà pupa sí iṣẹ́ wọn, ló súnmọ́ òfin náà jù. Kò rọrùn fún wa láti sọ ọ́.

Ṣílè kan fún lébírà, ṣílè márùn-ún fún gbajúmọ̀

Ní 1606, nígbà tí Ọba James Kìn-ín-ní wà lórí oyè, ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé ẹni tó bá mutí yó yóò san ṣílè 5 fún àwọn tálákà àdúgbò rẹ̀. Bí kò bá ní i, kí a kan àbà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ fún wákàtí 6. Òfin lórí ìbúra tẹ̀lé e ní 1623: ṣílè 1 fún ìbúra kọ̀ọ̀kan. Ní 1694 wọ́n tún òfin náà ṣe, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipò ènìyàn díwọ̀n owó ìtanràn.

Èyí tó lókìkí jù lára wọn ni ti 1745. Òfin yìí pín àwọn ènìyàn sí ọ̀nà mẹ́ta. Lébírà tó ń gba owó òòjọ́, sójà lásán àti atukọ̀ lásán yóò san ṣílè 1 fún ìbúra tàbí èpè kan. Àwọn yòókù tí wọn kò tó gbajúmọ̀ yóò san ṣílè 2. Gbajúmọ̀ àti ẹni tó jù ú lọ yóò san ṣílè 5. Bí ẹni náà bá tún un ṣe, owó náà á di ìlọ́po méjì. Bí ó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́dún ni wọ́n gbọdọ̀ kà á sí etígbọ̀ọ́ ìjọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di 1967.

Lójú ẹni tó bá kọ́kọ́ kà á, òfin yìí ṣàánú tálákà, nítorí pé owó kékeré ni wọ́n dá lé e. Ṣùgbọ́n ṣílè kan jẹ́ nǹkan bí ìdajì owó òòjọ́ lébírà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni lébírà tí kò bá rí owó san lè lọ fi ọjọ́ 10 ṣiṣẹ́ àṣekára ní ilé ìtọ́nisọ́nà. Gbajúmọ̀ ní tirẹ̀ kò ní rántí ṣílè 5 rẹ̀ mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Kókó mìíràn tún wà níbẹ̀. Ṣé gbajúmọ̀ máa ń búra níbi tí ọlọ́pàá wà? Inú ilé rẹ̀ ni, tàbí inú ilé ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Gbangba ni lébírà ń ṣiṣẹ́, gbangba ló ti ń mu, gbangba náà ló ti ń sọ̀rọ̀. Láti 1691 ni àwọn ẹgbẹ́ alátùn-únṣe ìwà sì ti dìde ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn ń ṣọ́ ẹni tó búra àti ẹni tó mutí, tí wọ́n sì ń fi wọ́n sùn níwájú adájọ́. A kò nílò láti sọ irú ẹni tí wọ́n ń rí mú jù.

Ọtí ní tirẹ̀ ní ìtàn tó gùn ju èyí lọ. Ní etí odò Thames, àwọn tó ń já èédú nínú ọkọ̀ kì í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ tààrà. Ọlọ́tí ni wọ́n ń lọ bá. Onílé ọtí ló ń kó ènìyàn jọ fún iṣẹ́, òun náà ló ń san owó wọn, nínú ilé ọtí rẹ̀. Ẹni tí kò bá mu tó bí ó ti yẹ lọ́sẹ̀ yìí, a kì í pè é sí iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbèsè ọtí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ kúrò lára owó iṣẹ́, kí wọ́n tó ka ìyókù sí òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Ilé aṣòfin gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n tó rí i ṣe ní 1843, nígbà tí òfin dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ èédú ti lè gba iṣẹ́ àti owó láìwọ ilé ọtí. Àwa gbà pé ọ́fíìsì yẹn ṣe ohun tí ìtanràn 1606 kò lè ṣe ní ohun tó lé ní 200 ọdún. Ẹni tó kọ òfin 1606 rò pé ìwà ló sọ lébírà di ọ̀mùtí. Ẹni tó kọ ti 1843 ti lóye pé ètò iṣẹ́ ló ń rọ ọtí sí i lẹ́nu.

Láàárín àkókò méjèèjì yìí ni wọ́n dá ọlọ́pàá ojú omi sílẹ̀. Oṣù Keje 1798 ni, ní Wapping, ní ìhà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Patrick Colquhoun tó jẹ́ adájọ́ àti John Harriott tó ti jẹ́ atukọ̀ ló gbé ètò náà kalẹ̀, àwọn oníṣòwò tó ń kó ṣúgà wá láti West Indies ló sì san owó tó pọ̀ jù lórí rẹ̀. Colquhoun sọ pé nínú nǹkan bí 33,000 ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́ lórí odò náà, 11,000 ló jẹ́ ọ̀daràn. Kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa má ṣe gba iye yìí láìyẹ̀ ẹ́ wò: ẹni tó ń wá owó fún ọlọ́pàá ló kà á. Ohun tí wọ́n pè ní olè nínú rẹ̀ ni ṣúgà tó dà sílẹ̀ tàbí èédú tó ṣẹ́ kù, tí òṣìṣẹ́ ti ń kó lọ sílé láti ọjọ́ pípẹ́ gẹ́gẹ́ bí ara owó iṣẹ́ rẹ̀. Ní Oṣù Kẹwàá ọdún náà ni àwọn òṣìṣẹ́ èédú ya bo ọ́fíìsì ọlọ́pàá ní Wapping, tí ẹ̀mí sì ṣòfò. Ní 1800 ìjọba gba ọlọ́pàá náà mọ́ra, ó di ti gbogbo ìlú.

Ọ̀sà tó kọjá ní Ọ̀jọ́

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Mile 2 lọ sí Àgbádárìgì lónìí yóò kọjá ní Ìyànà Ìbà, yóò kọjá lẹ́nu ọ̀nà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí a dá sílẹ̀ ní 1983, yóò sì dé Òkòkòmáíkò. Omi kò ní wá sí i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kí a tó la ọ̀nà márosẹ̀ yìí ní àwọn ọdún 1970, ọ̀sà ni ọ̀nà. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ló ń kó ẹrù láti Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, gba Àgbádárìgì, gba iwájú Ọ̀jọ́, wọ Èkó. Èdè Àwórì, èdè Ẹ̀gùn àti èdè àwọn àjòjì ni wọ́n ń sọ létí omi náà. Ẹrù tó sì pọ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ọtí líle ilẹ̀ òkèèrè: jíìnì inú ìgò onígun mẹ́rin, méjìlá nínú àpótí kan, tí wọ́n ń pọn ní Hamburg ní Jámánì àti ní Rotterdam ní ilẹ̀ Họ́láńdì.

A kò sọ pé àwọn ará ilé wa kò mọ ọtí kí jíìnì tó dé. Ẹmu wà, ògùrọ̀ wà, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti àgàdàgídí wà. Ìtàn Ọbàtálá, tó mu ẹmu yó lójú ọ̀nà nígbà tó ń lọ dá ayé, tó sì fi ọtí ṣe èèwọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ títí dòní, fi hàn pé àwọn bàbá wa ti ro ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé nínú ìtàn yẹn, kò sí ẹni tó na Ọbàtálá, kò sí ẹni tó tì í mọ́lé. Iṣẹ́ tó pàdánù ni ìyà rẹ̀, èèwọ̀ sì ni ìtọ́jú rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹmu kì í pẹ́ kó tó kan. A kì í tò ó jọ sí ilé ìṣúra. Jíìnì kì í bàjẹ́, a lè kà á, a lè tò ó, a lè fi ìgò rẹ̀ ra nǹkan. Nítorí náà ló ṣe di owó. Wọ́n fi san ìtanràn, wọ́n fi san ìdána, wọ́n sì fi san owó fún ẹni tó bá ru ẹrù.

Òṣìṣẹ́ èbúté tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní Èkó kì í ṣe Yorùbá ní púpọ̀. Àwọn Kru láti etíkun Làìbéríà ni àwọn ọlọ́kọ̀ òyìnbó ń kó kiri. Ẹnu odò Èkó kò jinlẹ̀ nígbà náà, ọkọ̀ ńlá kò lè wọlé. Ìta ni ọkọ̀ ń dúró sí, tí àwọn òṣìṣẹ́ á fi ọkọ̀ kékeré gba orí ìgbì lọ kó ẹrù. Òmíràn á já ẹrù sí Forcados, kí ọkọ̀ kékeré tó kó o padà wá. Ó di ìgbà tí wọ́n kọ́ odi òkúta sí ẹnu odò náà, iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ kí ogun àgbáyé kìn-ín-ní tó dé, kí ọkọ̀ ńlá tó ń wọlé. Iṣẹ́ tí ikú wà nínú rẹ̀ ni iṣẹ́ orí ìgbì. Abẹ́ olórí kan ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Kru kọ̀ọ̀kan ń wà, òun ló ń bá wọn gba owó, òun ló ń bá wọn wí, ọtí sì wà lára ohun tí ọlọ́kọ̀ fi ń bọ́ wọn.

Ọlọ́pa, ọlọ́pàá àti owó orí ọtí

Ní 6 Oṣù Kẹjọ 1861 ni Èkó bọ́ sí ọwọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1863 wọ́n gba Àgbádárìgì mọ́ ọn. Ìdí rẹ̀ kò farasin: bí ẹrù bá lè gba Àgbádárìgì wọlé láìsan owó bodè, Èkó kò ní rí owó ná. Ní ọdún kan náà ni wọ́n ṣe òfin pé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò máa ṣiṣẹ́ ní Èkó, ọdún yẹn náà sì ni Glover bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn Haúsá jọ sí iṣẹ́ ọlọ́pàá ológun. Wọ́n fẹ́ àjòjì, ẹni tí kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò nínú ìlú. Òfin 1895 ló dá Ọlọ́pàá Èkó sílẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Oṣù Kìn-ín-ní 1896. Orúkọ tí àwọn ará ìlú fún wọn ni a ń jẹ́ títí dòní: ẹni tó ní ọ̀pá lọ́wọ́. Kò sí ohun tó jọ "ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́" nínú orúkọ náà.

Ní gbogbo àkókò yìí, owó orí ọtí líle ni orísun owó tó tóbi jù fún àwọn aṣọ́bodè Èkó, àti lẹ́yìn náà fún ìjọba Gúúsù Nàìjíríà. Owó yìí wà nínú ohun tí wọ́n fi ń la ọ̀nà, tí wọ́n fi ń tọ́jú ilé-ìwòsàn, tí wọ́n sì fi ń san owó oṣù ọlọ́pàá. Ìpàdé Brussels ní 1890, ní 1899 àti ní 1906 ń fi kún owó orí náà. Bí owó orí bá ga ní Èkó ju Àjàṣẹ́ lọ, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n á gba inú igbó ẹ̀gbà létí ọ̀sà. Aṣọ́bodè á lé e. Òṣìṣẹ́ tó mu ìgò kan tí wọ́n ti san owó orí rẹ̀ jẹ́ oníbàárà ìjọba títí di ìgbà tó bá ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀ dé ojú títì. Níbẹ̀ ni yóò ti di arúfin.

Àwọn tó rí èyí nígbà náà kò dákẹ́. James Johnson, àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's ní Breadfruit, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Holy Johnson, wàásù lòdì sí òwò jíìnì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 1894, gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ariwo pọ̀, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kan dìde lábẹ́ Sir Mackenzie Chalmers. Ní 1909 ìgbìmọ̀ náà sọ pé àwọn ará Gúúsù Nàìjíríà kì í ṣe ọ̀mùtí, àti pé òwò náà kò ba ìran wọn jẹ́. Òwò tẹ̀síwájú.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí èsì yìí. Àwa kò bá ìgbìmọ̀ náà jà pé àwọn ènìyàn wa kì í ṣe ọ̀mùtí, ìyìn ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, èéṣe tí a fi ní láti máa ṣọ́ òṣìṣẹ́ èbúté bí ẹni tí ọtí ti sọ di ewu fún ìlú? Bí ó bá sì jẹ́ pé òótọ́ ni ewu náà, èéṣe tí àpótí jíìnì fi ń wọlé lójoojúmọ́ lábẹ́ àsíá ìjọba? Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ọwọ́ kan náà ló ń gba owó orí ìgò, tó sì ń gbá ẹni tó mu ún mú.

Ogun ló dá òwò náà dúró, kì í ṣe ìwàásù. Ọ̀tá di Jámánì, jíìnì Hamburg kò lè wá mọ́. Ní 1919, àdéhùn St Germain fi òfin de ọtí líle olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kó wá fún òwò ní Áfíríkà. Èyí tó kù wọ́n. Nígbà tí owó wá gbẹ ní àwọn ọdún 1930, àwọn ènìyàn kọ́ bí a ṣe ń fi táńkì epo àti páìpù bàbà pọn ẹmu di ògógóró. Etí ọ̀sà àti inú irà, níbi tí ọ̀pẹ ògùrọ̀ pọ̀ sí, dára fún iṣẹ́ náà. Kíá ni ìjọba sọ ọ́ di ọ̀ràn, tí ọlọ́pàá ń tú ilé, tí wọ́n ń fọ́ ìkòkò. Wọ́n ní ó lè pa ènìyàn. Ó lè pa ènìyàn lóòótọ́ bí a kò bá pọn ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tí a mọ̀ nípa ògógóró ni pé kò gba ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè kọjá.

Etí ta ni ó gbọ́ èébú?

Ìwé òfin ọ̀ràn dídá tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 1916 kò ka ìbúra asán sí ẹ̀ṣẹ̀ bí ti 1745. Ó sọ ní abala 29 pé ọtí kì í ṣe àwáwí fún ẹni tó dáràn, àyàfi bí ẹlòmíràn bá fún un mu láìmọ̀ọ́mọ̀ rẹ̀ tàbí bí ọtí náà bá ti sọ ọ́ di wèrè nígbà náà. Ní abala 249 ló ti sọ pé ẹni tó bá hùwà ní gbangba lọ́nà tó lè da àlàáfíà rú jẹ́ aláìníṣẹ́ oníjàgídíjàgan, pé ọlọ́pàá lè mú un láìgba ìwé àṣẹ, àti pé ó lè lọ sẹ́wọ̀n oṣù 1. Èkó ti ní ìwé òfin ọ̀ràn tirẹ̀ láti 2011, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, abala 249 yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ èbúté Èkó gbé lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tó kàn wá níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè ni pé òfin náà kò dárúkọ ọ̀rọ̀ kankan. Kò sọ pé èpè ni, kò sọ pé èébú ni. Ọlọ́pàá tó dúró níbẹ̀ ni yóò fi etí ara rẹ̀ mọ èyí tó lè da àlàáfíà rú. Ta ni ọlọ́pàá náà? Láti ìgbà Glover, ẹni tí kò gbọ́ èdè àdúgbò dáadáa ni a fẹ́ràn láti fi síbẹ̀. Nígbà tí èbúté Àpápá ṣí ní 1926, Yorùbá, Ẹ̀gùn, Ìjọ̀, Ìgbò, Haúsá àti àwọn mìíràn ń ṣiṣẹ́ lórí pákó kan náà. Kò sí ọlọ́pàá tó lè gbọ́ gbogbo rẹ̀.

A ti jókòó ti àwọn àgbà díẹ̀ tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ èbúté, tí wọ́n ń gbé ní agbègbè Ìbà àti Òkòkòmáíkò. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún wa pé òun àti ọ̀rẹ́ òun tí àwọn jọ ń gbé àpò ni wọ́n mú lọ́jọ́ kan, nítorí pé òun sọ fún un pé orí rẹ̀ kò pé. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń gbé sìmẹ́ńtì, bàbá náà ní, bí ẹnì kan kò bá bú ẹ, o kò ní mọ̀ pé o ṣì wà láàyè. Ẹrù wúwo. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń gbé e. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gan-an ló ń bẹ ọlọ́pàá pé kò sí ìjà, tí ọlọ́pàá fi ní òun náà ń pariwo. Àwọn méjèèjì sùn sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó tún sọ ọ̀rọ̀ kan tó jọ ti Thames gan-an: pé ní ìgbà tiwọn, iṣẹ́ òòjọ́ ni, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló ń yan ẹni tí yóò wọlé láàárọ̀, ẹni tó bá sì ti ra ọtí fún olórí lálẹ́ àná kì í dúró pẹ́ lẹ́nu géètì. Bàbá náà kì í mutí. Ó ní òun ṣáà ń ra á ni.

Ní 1955 ni Àjọ Èbúté Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní 1977 ni wọ́n ṣí èbúté Tin Can Island, lẹ́yìn tí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ti há gbogbo ẹnu omi Èkó mọ́ ní 1975. Iṣẹ́ pọ̀ sí i, ilé gbígbé ní Àpápá wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń ṣí lọ sí apá ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ọmọ wọn ló wà ní kíláàsì wa. Bí wọ́n bá ń kọ àròkọ lórí ewu ọtí mímu, bàbá wọn ni wọ́n ń kọ nípa rẹ̀, ní ọ̀rọ̀ tí a kọ́ wọn.

Ẹnì kan lè sọ pé gbogbo èyí ti di ìtàn. Ní Oṣù Kejì 2024, àjọ NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọtí inú ọ̀rá, lẹ́yìn àdéhùn tí àwọn àti àwọn aṣọtí ti ṣe ní 2018. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi àyè sílẹ̀ fún wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà ní iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn, àwọn onílé-iṣẹ́ ní owó tí àwọn ti ná pọ̀. A kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú wọn. Ohun tí a ṣàkíyèsí ni pé nígbà yìí, ó kéré tán, ẹnu ọ̀nà ẹni tó ń ṣe ọtí ni ìjọba kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń mu ún ní Òkòkòmáíkò.

Ní ti ìdánwò, a ti yí ètò máàkì wa padà. Bí gbólóhùn bíi ti ọjọ́ kìíní bá wá, a máa ń béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé ní ọdún wo, ní ìlú wo, lábẹ́ òfin wo. Ẹni tó bá kọ "búra" fún 1745 gba máàkì rẹ̀ ní kíkún. Ẹni tó bá kọ "bú èébú" fún Àpápá gbọdọ̀ sọ ẹni tí wọ́n bú, àti bóyá ó bínú. A mọ̀ pé àwọn olùyẹ̀wò kan yóò ní èyí ti pọ̀ jù fún gbólóhùn kan. Ọmọ tó béèrè ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí a tó rí èsì rẹ̀. A gbọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ ní Tin Can Island.